Èbúté Orí Ilẹ̀: Bí Ẹ Ó Ṣe Fẹsẹ̀ Rin Agége

Bí àlejò bá dé Èkó, Màrínà ni wọ́n máa ń mú un lọ kó lọ wo ọ̀sà. Bí àyè bá tún wà, wọ́n á gbé e dé Àgbádárìgì kó rí ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọ́kọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé tó bá kan Agége, búrẹ́dì nìkan ló wà lẹ́nu wọn. Wọ́n á dúró lórí afárá Pen Cinema, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ra búrẹ́dì ẹyọ kan, wọ́n á wọkọ̀ padà sí Ìkẹjà, wọ́n á wá máa sọ fáyé pé àwọn ti rí Agége. Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò tíì rí i.

Èbúté ni Agége. Kò sí òkun níbẹ̀, kò sí ọ̀sà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí omi ń ṣe fún ìlú etíkun, ojú irin ló ṣe é fún wa. Ibẹ̀ ni ẹrù ti ń gbéra lọ sókè Ọya, ibẹ̀ ni àjèjì ti ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo, tí yóò sì di baba onílé kó tó kú. Gbogbo ohun tí wọ́n fi mọ Agége, láti orí obì dé orí búrẹ́dì, ojú irin ló gbé e wá tàbí ló gbé e lọ. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rìn ín, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti tẹ́ṣàn.

Bí ẹ ó ṣe dé ibẹ̀

Ẹ wọ rélùwéè. Bẹ́ ẹ bá wà ní Òyìngbò, Yábàá, Muṣin, Òṣòdì tàbí Ìkẹjà, ọkọ̀ ojú irin ìjọba Èkó tí wọ́n ń pè ní Red Line á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà wa. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n ṣí i, oṣù Kẹwàá ọdún náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọlé, nítorí náà ẹ ti kówó sí i lórí kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ wo àkókò tí ọkọ̀ náà ń gbéra kẹ́ ẹ tó jáde, òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ sì wá. Ẹni tí rélùwéè bá já sílẹ̀, kó wọ dáńfó tàbí kọ̀rọ̀pẹ́ tó ń ké "Pẹ́n Sínimá", kó sì mú ṣénjì dání, torí kọ̀ǹdọ́kítọ̀ kì í ní sùúrù fún ẹni tó mú odidi ẹgbẹ̀rún náírà wá.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ò dáa, ìmọ́tótó ọjà ni wọ́n máa ń ṣe, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ò sì ní í tíì ṣí. Ọ̀sán Jímọ̀ náà ò dáa fún ẹni tó ń kánjú, nítorí bí wọ́n bá pèrun, ẹní ìrun a máa kún ojú títì. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, àgàgà nígbà òjò.

Ẹ dúró lórí afárá kẹ́ ẹ wo irin

Bẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ má sáré jáde. Ẹ gun orí afárá ẹlẹ́sẹ̀, kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ wo irin bó ṣe lọ gbọọrọ. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó. Nígbà tó di 1901, ó ti dé Ìbàdàn. Nígbà tó di 1912, ó ti so Èkó mọ́ Kánò. Ẹ fi ọdún 1912 yẹn sọ́kàn, torí òun ló sọ Agége di ohun tó dà. Irin tí àwọn òyìnbó tẹ́ nígbà náà ṣe tín-ín-rín, mílímítà 1,067 ni àyè tó wà láàárín irin méjèèjì. Èyí tó ń lọ Ìbàdàn báyìí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021, fẹ̀ tó 1,435, tẹ́ṣàn Agége rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ Babatunde Raji Fashola tó ti ṣe gómìnà Èkó.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, orí irin gan-an ni ọjà wa. Àwọn ìyá á tẹ́ ata àti tòmátì sí ẹ̀gbẹ́ irin. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè láti ọ̀nà Ìjù, gbogbo wọn á ká ẹní wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á kọjá, kí ìrù rẹ̀ tó pòórá, wọ́n á ti tún tẹ́ ẹ. Ìjọba ti kó ọjà yẹn kúrò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ọkọ̀ ti ìsinsìnyí ń sáré ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ má ṣe gba orí irin kọjá, bó ti wù kí ọ̀nà náà yá tó. Afárá ni kẹ́ ẹ gbà.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Agége. Àwọn àgbà wa ní igbó kìjikìji ni ibí yìí tẹ́lẹ̀, pé àwọn agégi ló kọ́kọ́ kún inú rẹ̀, lára igi tí wọ́n ń gé ni orúkọ ìlú sì ti yọ. Ẹ óò gbọ́ ìtàn mìíràn lẹ́nu ẹlòmíràn. Èyí tí bàbá mi sọ fún mi ni mo sọ yìí.

Obì, ẹ má ṣe kọjá rẹ̀

Láti tẹ́ṣàn, ẹ rọra máa bọ̀ lápá Ìsàlẹ̀ Ọjà. Bẹ́ ẹ bá ti rí agbọ̀n tí wọ́n fi ewé bò, tí àwọn Haúsá jókòó yí ká, ẹ dúró. Bẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ béèrè. Kò sí ọmọ Agége tí ò ní lè júwe ibi tí wọ́n ti ń ta obì.

Oríṣi obì méjì ló wà, ẹ má sì ṣe pè wọ́n ní ìkan náà. Obì àbàtà ni tiwa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó máa ń ní awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun la fi ń sọmọ lórúkọ, òun la sì fi ń bọ òrìṣà. Obì gbànja, awẹ́ méjì péré ló ní, òun ni àwọn Haúsá ń pè ní gòrò, òun ni wọ́n sì fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Gbànja kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá láti Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n á já a sí èbúté Èkó, wọ́n á sì gbé e lọ sókè Ọya. Ìgbà tó yá ni àwọn olóko Agége rò ó pé kí ló dé tí àwọn ò fi ní í gbìn ín fúnra wọn. Wọ́n gbìn ín, ó so. Ojú irin ti dé Kánò nígbà náà, ẹ sì mọ ohun tó kù. Àwọn oníṣòwò Haúsá wọ rélùwéè wá, wọ́n fi Agége ṣe ibùdó, nígbà tó sì fi máa di àárín àwọn ọdún 1920, obì Agége ti ń gba ipò èyí tó ń ti òkè òkun wá. Ohun tó mú mi pè é ní èbúté nìyẹn: obì tó ti ń gba orí omi wá di obì tó ń gba orí irin lọ, Agége ló sì wà láàárín.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣà á. Bàbá kan wà tí mo máa ń dúró tì. Á bu obì síwájú, á mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi èékánná àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, á yí i sódì, á wò ó bóyá kòkòrò ti lu ihò sí i. Èyí tó funfun á lọ sápá kan, torí òun ló lówó lórí jù. Èyí tó pupa á lọ sápá kejì. Èyí tí kòkòrò bá ti fọwọ́ kàn, ẹ̀yìn ló ń jù ú sí, kì í tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ṣà á tán, á tẹ́ ewé gbòdògì sínú agbọ̀n, á da obì sí i, á tún fi ewé bò ó, kó má baà gbẹ. Tí obì bá gbẹ lọ́nà Kánò, gbèsè ni. Ewé yẹn ló ń jẹ́ kó dé tútù.

Ìwà tó yẹ ọmọlúàbí nídìí obì

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ kà, nítorí ibẹ̀ ni àlejò ti máa ń ṣì í jù.

Nígbà kan, mo mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti Àbújá wá lọ sọ́dọ̀ bàbá yìí. Kó tó kí ẹnikẹ́ni, ó ti na ọwọ́ òsì sínú agbọ̀n, ó mú obì kan, ó gbé e símú, ó fẹ́ òórùn rẹ̀, ó sọ ọ́ padà sí orí èyí tó kù, ó ní, "Èló ni?" Bàbá ò wí nǹkan kan. Ó fa ewé, ó bo agbọ̀n rẹ̀, ó kọjú sí ibòmíràn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí ó tó dá mi lóhùn, kò sì tà fún wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe owó ló ń bínú sí. Wọ́n wọlé tọ̀ ọ́ láìkí i ni.

Nítorí náà, ẹ kí wọn ná. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni, ẹ ní, "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá o." Kí obìnrin kúnlẹ̀ díẹ̀, kí ọkùnrin tẹ orí ba. Ẹ dúró kí wọ́n ṣe "Àmín" kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ mìíràn. Bó bá jẹ́ Haúsá ni, ẹ ní, "Sànnú," á ní, "Yáwwà, sànnú." Á tún béèrè ilé, á béèrè ọ̀nà, á béèrè iṣẹ́. Ẹ dá a lóhùn gbogbo rẹ̀, ẹ má já a lẹ́nu. Ìkíni náà jẹ́ ara ọjà.

Ẹ má fi ọwọ́ ara yín mú obì láti inú agbọ̀n. Òógùn ọwọ́ a máa bà á jẹ́. Ẹ sọ iye owó tẹ́ ẹ fẹ́ rà, òun fúnra rẹ̀ á ṣà á fún yín, ẹ ó sì rí i pé á ṣà á dáadáa. Bó bá jẹ́ àárọ̀ kùtù, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ má nájà kẹ́ ẹ sì lọ láìrà. Ẹ ra díẹ̀, ó kéré tán. Ẹni tó kọ́kọ́ rajà lọ́wọ́ oníṣòwò ló gbé oríire ọjọ́ náà dání, wọn ò sì ní í gbàgbé ẹni tó gbé e sá lọ.

Bí wọ́n bá fún yín ní ẹyọ kan ṣe èènì, ọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi gbà á. Ẹ má jù ú sínú báàgì. Ẹ pa á níbẹ̀, kẹ́ ẹ fún àgbà tó wà níbẹ̀ ní awẹ́ kan, kẹ́ ẹ fi ìkejì sẹ́nu. Ẹnu yín á korò. Ẹ má tu ú dànù lójú wọn, ẹ rọra máa jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ wá mu omi tútù tẹ̀ lé e. Ẹ óò rí i pé omi náà á dùn bí ẹni pé wọ́n fi ṣúgà sí i. Gbogbo àlejò tí mo ti mú débẹ̀, ojú wọn a máa là tí omi yẹn bá kan ahọ́n wọn.

Àwọn olóko tó wà kí ilé tó gbalẹ̀

Bẹ́ ẹ bá kọrí sí apá Ifákọ̀, ilé àti ṣọ́ọ̀bù nìkan lẹ óò rí, ṣùgbọ́n oko kòkó àti obì ni ibẹ̀ nígbà kan. Jacob Kehinde Coker, tí wọ́n bí lọ́dún 1866, ló ní èyí tó lókìkí jù nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú tó dá ìjọ African Church sílẹ̀ ní 1901 ni, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson dá ìjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Breadfruit ní Èkó. Ní 1907, òun àti àwọn olóko ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀, kí kòkó wọn lè dára kó sì níye lórí. Láti ilẹ̀ Yorùbá káàkiri ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá ṣe lébìrà lóko wọn. Tí wọ́n bá ń padà sílé, wọ́n á mú irúgbìn kòkó dání, àwọn oníwàásù ìjọ náà sì ń tan ọ̀gbìn rẹ̀ káàkiri pẹ̀lú ìhìnrere. Bí bàbá bàbá yín bá fi kòkó kọ́lé ní ìgbèríko kan, ẹ béèrè ibi tí irúgbìn àkọ́kọ́ ti wá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Agége.

Ẹ̀wà àti búrẹ́dì: ibi tí mo ti ń jẹun

Nítòsí tẹ́ṣàn, ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn láti aago mẹ́fà àárọ̀. Kò ní pátákó, kò sì nílò rẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ lé òórùn ata. Ẹ̀wà rẹ̀ rọ̀ débi pé kò nílò eyín. Ọbẹ̀ rẹ̀ dúdú, torí ó máa ń dín àlùbọ́sà nínú epo títí tí àlùbọ́sà yóò fi pọ́n dé dúdú kó tó da ata gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ ní gbúǹgbúǹ sí i. Kò gbọdọ̀ kánjú, kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀ lórí iná. Ìṣẹ́jú kan ló wà láàárín ọbẹ̀ tó pọ́n àti ọbẹ̀ tó jó. Mo ti jókòó tì í rí láti wò ó. Ó máa ń fi etí gbọ́ epo ni. Bí ìró rẹ̀ bá ti yí padà, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ gba ẹ̀wà, kẹ́ ẹ wá ra búrẹ́dì Agége gbígbóná lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri. Ẹ má béèrè ọ̀bẹ. Ẹ fi ọwọ́ fà á ya, ó máa fà bí òwú, kẹ́ ẹ wá fi gbá ẹ̀wà. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ kẹ́yìn, ẹgbẹ̀rún náírà ó lé díẹ̀ ló yó mi, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá ń ta ìyẹ̀fun lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé ló máa sọ iye tiyín. Ẹ̀wà náà máa ń tán kó tó di aago mẹ́wàá.

Búrẹ́dì yìí náà, ọmọ rélùwéè ni. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà, dé Nàìjíríà ní 1913 láti wá ṣe akọ̀wé rélùwéè. Ní 1921 ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta, òun ni ìtàn sì sọ pé ó mú ẹ̀rọ tó ń tẹ ìyẹ̀fun wọlé. Ìyẹ̀fun tí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀ léraléra ló ń mú kí búrẹ́dì rọ̀ kó sì dì. Àwọn ará ibí kọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n sì ń tà á fún èrò ọkọ̀ tó bá dúró ní tẹ́ṣàn wa. Èrò á na owó láti fèrèsé, wọ́n á na búrẹ́dì sókè, ọkọ̀ á gbéra. Báyìí ni orúkọ Agége ṣe ń dé ibi tí Agége fúnra rẹ̀ ò dé.

Pen Cinema àti Markaz

Ilé sinimá ló sọ oríta yẹn lórúkọ. Afárá tó wà lórí rẹ̀ báyìí, ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Ẹ ya fọ́tò yín, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ lo àkókò yín ni Markaz, ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá tí Ṣéù Adam Abdullahi al-Ilory dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì gbé wá sí Agége ní 1955. Láti ibẹ̀ ni àìmọye àáfà ilẹ̀ Yorùbá ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, àti ti ilẹ̀ Benin àti Tógò pẹ̀lú. Ẹ wọ aṣọ tó bo ara, kí obìnrin fi ìborí borí, kẹ́ ẹ sì gbàṣẹ lẹ́nu géètì. Wọn kì í lé ẹni tó bá wá pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń padà sí Ìkẹjà

Ẹ gba ọ̀nà Ọba Akran, kẹ́ ẹ wo ilé iṣẹ́ tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Ọdún 1962 ni Guinness ṣí ilé ọtí rẹ̀ níbẹ̀. Dunlop tó ń ṣe táyà ti kógbá wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Agége ni ọ̀pọ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ń sùn. Ní 1971, nígbà tí wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà lórí àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Adébọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ dábàá, inú ilé oníyàrá púpọ̀ ní Agége ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná. Obì ni èbúté wa kọ́kọ́ ń kó, nígbà tó yá, ó ń kó òṣìṣẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa mú lọ sílé

Búrẹ́dì á ti gbẹ kó tó di ọ̀túnla. Obì ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ ní kí wọ́n fi ewé dì í fún yín, kí wọ́n má fi í sínú náílọ́ọ̀nù. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ má ṣí i. Ẹ gbé e fún àgbà tó dàgbà jù nínú ilé yín, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Á tú ewé rẹ̀, á mú ọ̀kan, á fi èékánná ra ẹ̀yìn rẹ̀, á yí i sódì, gẹ́gẹ́ bí bàbá tó ṣà á ṣe yí i. Ẹ̀yin náà á ti mọ ohun tó ń wá, ẹ óò sì lè sọ fún un ibi tí obì náà ti gbéra.